Rọ́bà ya ní alẹ́ Sátidé, oníbàárà dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè: kí ni kí á sọ fún un?

Kẹ́míìsì Mọ̀pà:

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Kẹ́míìsì ni mo ń tà ní Mọ̀pà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìwé àṣẹ tí mo ní kì í ṣe ti apòògùn gidi, nítorí náà mo mọ ibi tí agbára mi pin sí. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú bá mi tò ó, kí n má baà máa fi àbá dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan bí àpẹẹrẹ. Ọkùnrin àti obìnrin bára sùn ní aago 11 alẹ́ Sátidé. Wọ́n lo rọ́bà, ìyẹn kọ́ńdọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkùnrin yọ jáde ni wọ́n rí i pé ó ti ya láti orí, àtọ̀ sì ti dà sínú. Wọn kì í ṣe tọkọtaya, kò sí ẹni tó mọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì ṣe wà. Ó tó ọjọ́ 12 tí obìnrin náà ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Aago 8 àárọ̀ Mọ́ńdè, ọkùnrin náà ló dé. Ó ní kí n ta ampiclox (oògùn apakòkòrò) àti Postinor (oògùn tí obìnrin ń lò kí oyún má baà dúró) fún òun, kí n sì júwe ibi tí òun ti lè ṣe àyẹ̀wò HIV kíákíá.

Èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló lè dúró? Oògùn tí wọ́n ń lò láti dènà HIV yẹn, ṣé dandan ni kí ó di Lọ́kọ́jà kí èèyàn tó rí i? Àyẹ̀wò tó fẹ́ ṣe lónìí, ṣé ó wúlò? Ampiclox ńkọ́?

Apòògùn Ẹ̀gbẹ̀:

Ọ̀kún, àbúrò. Oyún àti HIV ni àkókò ń lé. Àyẹ̀wò àtọ̀sí àti ti irú àwọn àrùn bẹ́ẹ̀ lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tilẹ̀ yẹ kó dúró.

Wákàtí ni kí o kọ́kọ́ bá a ṣírò kí o tó nawọ́ sí pẹpẹ. Láti aago 11 alẹ́ Sátidé sí aago 8 àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 33 ti lọ. Oògùn ìdènà HIV, èyí tí a ń pè ní PEP, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ kí èèyàn tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Ìyẹn já sí aago 11 alẹ́ Túsìdeè. Ó ku wákàtí 39. Má ṣe sọ ọ́ fún un bí ẹni pé ọ̀la ṣì wà o. Wákàtí 72 ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó wọlé ní wákàtí kẹwàá sàn ju ẹni tó wọlé ní àádọ́ta lọ fíìfíì.

Ìdí ni pé bí kòkòrò náà bá wọlé, awọ inú ibi tó gbà wọlé ló máa ń kọ́kọ́ fara pamọ́ sí. Ó máa ń tó bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó dé àwọn kókó inú ara, irú èyí tó ń wú ní abíyá àti ní ìtan, ibẹ̀ ló sì ti ń tàn kálẹ̀. Bí oògùn bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, kò ní rí àyè bí sí i. Bí ó bá ti fìdí kalẹ̀ tán, oògùn kan náà lè sé e mọ́, ṣùgbọ́n kò lè lé e jáde.

Hóró kan lóòjọ́ ni, fún ọjọ́ 28 gbáko. Tenofovir 300 mg, lamivudine 300 mg àti dolutegravir 50 mg ló wà nínú hóró kan ṣoṣo yẹn. Oògùn kan náà ni àwọn tó ní HIV ń lò, nítorí náà kí ó má bẹ̀rù bí ó bá rí orúkọ rẹ̀ lára ìgò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Owó káàdì tàbí ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n lè gbà.

Kò dandan kó di Lọ́kọ́jà. Ọ̀nà Kábà sí Ọ̀bàjànà tí tírélà símẹ́ńtì ń dí yẹn lè jẹ odindi ọjọ́ kan mọ́ ẹni tó ń sá tẹ̀lé wákàtí lọ́wọ́. Ibi tí kó wá ni ilé ìwòsàn èyíkéyìí tó ní kílíníkì tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ní HIV ní oògùn wọn. Láti Mọ̀pà, kó béèrè ní ilé ìwòsàn ECWA tó wà níbí ní Ẹ̀gbẹ̀, tàbí ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Kábà ní apá kejì. Kó fóònù kó tó gun mọ́tò, kó bi wọ́n pé ṣé PEP wà nílẹ̀ lónìí. Bó bá dé ibẹ̀, kó má jókòó sórí ìlà àwọn tó wá nítorí ibà. Kó lọ bá nọ́ọ̀sì, kó sọ ọ́ báyìí: "PEP ni mo wá gbà. Sátidé, aago 11 alẹ́." Wákàtí yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n dìde. Bí wọ́n bá ní kó padà wá ní Wẹ́sìdeè nígbà tí dókítà bá dé, kó sọ fún wọn pé àkókò ti kọjá nígbà yẹn, kó ní kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró díẹ̀ ná. Bí kílíníkì bá wà ní títì, ọ̀dọ̀ àwọn pàjáwìrì ló kàn.

Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un, ìdí rẹ̀ ni pé bó bá ti ní HIV tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú gidi ló kàn án, kì í ṣe ti ọjọ́ 28. Bí èsì bá fẹ́ pẹ́, kí wọ́n fún un ní hóró àkọ́kọ́ ná.

Ohun kan tún wà tí àwọn kan ń ṣe ní abẹ́lé: wọ́n máa ń yá hóró lọ́wọ́ ará ilé tó ń lo oògùn HIV. Má bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ìwọ ò mọ irú èyí tó wà nínú ìgò rẹ̀, oògùn ẹni náà yóò sì dín, òun tí kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan.

Ní ti ẹ̀rù, kó wọ̀n ọ́n. Bí obìnrin bá bá ọkùnrin tó ní HIV sùn lójú ara, tí ọkùnrin náà kò sì lo oògùn, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú 10,000. Bó bá jẹ́ obìnrin ló ní in, tí ọkùnrin kò ní, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ihò ìdí ló burú: ẹni tí wọ́n bá wọlé sí lára níbẹ̀, bí 138 nínú 10,000. Egbò lójú ara tàbí àtọ̀sí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́ kí iye náà ga sí i. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kejì mọ̀ pé òun ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán pé kòkòrò náà kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀. PEP ò pọn dandan níbẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: ẹni tó mọ ipò rẹ̀ tó sì ń gbé oògùn mì kì í ṣe ẹni à ń sá fún. Ẹni tí kò mọ̀ ni.

Ó wá kan Postinor. Obìnrin ló ń lò ó, kì í ṣe ọkùnrin tó wá rà á, nítorí náà rí i dájú pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ ní tààrà, kì í ṣe àpò ṣòkòtò títí di alẹ́. Hóró méjì ló wà nínú páálí Postinor-2, 0.75 mg lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kó gbé méjèèjì mì pa pọ̀. Páálí lè sọ pé kó dá ọ̀kan sí di wákàtí 12. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, ṣùgbọ́n hóró tí a dá sí ni a máa ń gbàgbé. Bó bá bì láàárín wákàtí méjì, kó lo méjì mìíràn.

Iṣẹ́ oògùn yìí ni pé kó dá ẹyin obìnrin dúró kó má tíì já. Bí ẹyin bá ti já, kò rí nǹkan kan ṣe mọ́. Kò sì lè yọ oyún tó ti dúró, nítorí náà ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ń ṣẹ́yún lè fọkàn balẹ̀. Wo ọjọ́ 12 tí o sọ yẹn: àkókò tí ẹyin fẹ́ já gan-an nìyẹn. Títí di wákàtí 72 ni agbára oògùn náà dáa jù, ó ṣì lè ṣe díẹ̀ títí di 120, ṣùgbọ́n ní ti obìnrin yìí, àárọ̀ yìí ni o, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́.

Bó bá wúwo ju 70 kg lọ, tàbí tó ń lo rifampicin nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí efavirenz, oògùn HIV kan, Postinor lè má ràn án tó. Kọ́ìlì oníbàbà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ló dára jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó lè gbà á títí di ọjọ́ karùn-ún ní ibi ìfètòsọ́mọbíbí, kò sí ohun tó lágbára tó o nínú gbogbo ọ̀nà pàjáwìrì, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10. Hóró ulipristal 30 mg, oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì mìíràn, náà máa ń ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120 níbi tí èèyàn bá ti rí i. Nǹkan oṣù tó kàn lè yára tàbí kó pẹ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn alẹ́ Sátidé yẹn ni kó ṣe àyẹ̀wò oyún; bó bá ṣe é ní ọjọ́ kẹwàá, èsì "kò sí" kò tíì túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ampiclox, àwọn oníláàbù yóò bá ọ sọ̀rọ̀.

Ọmọ Okè-Yàgbà:

Ẹ̀yin dókítà, ẹ ti sọ tó. Omi iyọ̀ gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́, kí obìnrin fi fọ inú kíá. Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò látijọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Kábà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó lọ ṣe é.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àtọ̀ ti kọjá ẹnu ilé ọmọ. Omi kankan kò lè lé e bá. Ohun tí ọsàn, iyọ̀, káun, álọ́ọ̀mù tàbí Dettol máa ń ṣe ni pé wọ́n ń bó awọ inú ojú ara, awọ tó bó sì ni kòkòrò ń wá. Ẹni tí ewu rẹ̀ kéré tẹ́lẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá. Fífi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ lásán fọ ìta nìkan ti tó. Kí àwọn méjèèjì tọ̀. Bí rọ́bà bá bọ́ sínú, kí obìnrin lóṣòó, kó fi ìka tó mọ́, tí èékánná rẹ̀ kúrú, fà á jáde.

Apòògùn ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ ṣeun sà. Mo fẹ́ fi nǹkan mélòó kan kún ọ̀rọ̀ PEP, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ní ìdààmú ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kì í ṣe HIV ló ń dà wọ́n láàmú, oògùn ni. Èébì lè máa gbé e, orí lè fọ́, oorun lè dá lójú. Bí oorun bá dá, kó kó o lọ sí òwúrọ̀. Bí èébì bá ń gbé e, kó jẹun kó tó lò ó. Kò sí ìkankan nínú ìyẹn tó ní kó dáwọ́ dúró. Ó máa ń rọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kejì bá ti wọlé.

Kẹ́míìsì, ibi tí ìwọ ti wọlé nìyí: dolutegravir àti oògùn ọgbẹ́ inú funfun tó dà bí ẹfun kò gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn, wọn yóò so mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí i gbà. Kó gbé PEP mì ní wákàtí méjì ṣáájú oògùn inú yẹn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-írọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù náà rí bẹ́ẹ̀, àfi bó bá lò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó ń lo metformin nítorí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ ju 1,000 mg lọ lóòjọ́ nígbà náà. Ẹni tó ń lo rifampicin, kó sọ, torí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni yóò máa gba dolutegravir tirẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé hóró kan, tó sì rántí ní ọjọ́ náà, kó lò ó; kó má fi méjì dí ọ̀kan ní ọjọ́ kejì.

Kí wọ́n yẹ hepatitis B wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tàbí láàárín rẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ ni, tenofovir àti lamivudine sì ń tẹ̀ ẹ́ rì. Bí ẹni tó ní in bá dédé dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 28, àrùn ẹ̀dọ̀ náà lè ru padà. Kó máa bá dókítà lọ ni. Ẹni tí èsì rẹ̀ sì fi hàn pé kò ní, tí kò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí, kó gba ti àkọ́kọ́ níbẹ̀: láàárín wákàtí 24 ló dáa jù, ó lè dé ọjọ́ 14. Ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. 2004 ni abẹ́rẹ́ yìí wọ inú àwọn tí à ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ti lé ní ogún ọdún kò gbà á.

Àti ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ìlú wa kéré. Ẹni tó jókòó sídìí káàdì lè jẹ́ àǹtí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin 2014 tó lòdì sí kíkórìíra àwọn tó ní HIV dáàbò bo àṣírí èsì rẹ̀. Bí ojú bá ń tì í síbẹ̀, kó gba mọ́tò lọ sí ìlú kejì, ṣùgbọ́n lónìí ni kó lọ o.

Oníláàbù Ìsánlú:

Mo fẹ́ dá ẹ̀yin méjèèjì lóhùn lórí àyẹ̀wò, kí kẹ́míìsì lè kọ ọ́ sára ògiri.

Àyẹ̀wò tí ọkùnrin yẹn fẹ́ ṣe ní àárọ̀ Mọ́ńdè wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún Sátidé. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà kó tó di Sátidé ló ń sọ. Èyí tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ara ń kó jọ láti bá a jà ló ń wá, ara kì í sì kó wọn jọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ọjọ́ 23 ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó sì lè pẹ́ dé ọjọ́ 90. Èyí tí láàbù ńlá ń fi ẹ̀jẹ̀ apá ṣe, tó ń wá ọmọ ogun àti kòkòrò pọ̀, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Nítorí náà: òní, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, àti ọ̀sẹ̀ 12. Ti ọ̀sẹ̀ 12 ló ń parí ẹjọ́. Kí wọ́n lo rọ́bà títí di ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ka kíìtì itọ́ tí èèyàn lè ṣe fúnra rẹ̀, torí pé wọ́n máa ń ka ìkakúkà. Kí èèyàn má jẹ, kó má mu nǹkan kan fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ó ní ọ̀pá pẹlẹbẹ kan. A ó fi orí rẹ̀ nu èrìgì òkè láti ọ̀tún dé òsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó nu ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A kì í fá eyín, a kì í sì í tutọ́ sí i. A ó fi ọ̀pá náà sínú ìgò omi kékeré tó bá a wá, a ó wo aago. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40 la ń kà á. Bó bá kọjá 40, a kì í kà á mọ́, torí ìlà èké lè yọ. Ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ C nìkan: kò rí nǹkan. Ìlà ní C àti T, bí ti T tilẹ̀ rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú àná: kó wá sí láàbù, kí a fi irú kíìtì mìíràn ṣe é kí a tó sọ nǹkan kan. Bí C kò bá yọ rárá, kíìtì ti bàjẹ́. Ẹni tó ń lo PEP lọ́wọ́ má fi kíìtì yìí tan ara rẹ̀ jẹ, oògùn lè jẹ́ kí ìlà má yọ. Ilé ìwòsàn ni tirẹ̀.

Àtọ̀sí máa ń hàn lára ọkùnrin láàárín ọjọ́ 2 sí 7: omi yẹ́lò ń jáde, ìtọ̀ ń ta á. Ti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, máa ń pẹ́ díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í rí àmì kankan nínú méjèèjì, nítorí náà "kò sí nǹkan tó ń ṣe mí" kì í ṣe èsì. Ọ̀sẹ̀ kejì ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò wọn. Sífílíìsì máa ń gbé egbò kan tí kì í dunni jáde, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ tún ṣe é ní oṣù kẹta.

Ampiclox báyìí. Rárá. Kòkòrò àtọ̀sí ti di alágídí sí ampicillin àti sí tetracycline, kápúsù pupa òun yẹ́lò yẹn, láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí hóró ampiclox díẹ̀ máa ń ṣe ni pé ó ń mú kí omi dáwọ́ dúró díẹ̀, àrùn á wá wọnú lọ, ìgbà tí ẹni náà bá sì dé láàbù, kòkòrò kò ní hù mọ́ lójú àwo wa. Ẹ̀mí á balẹ̀, àrùn á wà níbẹ̀. Ceftriaxone tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni dókítà máa ń lò fún àtọ̀sí lónìí, pẹ̀lú doxycycline 100 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7 bí chlamydia bá wà níbẹ̀, àyàfi aláboyún. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ náà, kí wọ́n sì má sùn pọ̀ fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka bébà láàbù sáfẹ́fẹ́: "staph", kòkòrò kan tó máa ń yọ nínú súwọ́ọ̀bù ojú ara, kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ara awọ ẹni ló ń gbé. Owó tí àwọn ọmọdébìnrin ti ná sórí abẹ́rẹ́ staph ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀.

Kẹ́míìsì Mọ̀pà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ampiclox kò ní jáde mọ́ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́ kù: ọjà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní rọ́bà tí mo tà kò dáa. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ọjà ló ya tàbí ìlò?

Apòògùn Ẹ̀gbẹ̀:

Bi í ní ohun tó fi pa ara rọ́bà náà kó lè máa yọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Òrí, òróró, adín àgbọn, Vaseline, òróró ọmọdé: gbogbo wọn ń jẹ rọ́bà látẹ́ẹ̀sì, kì í sì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ ti lọ, kò ní hàn lójú, yóò kàn ya nígbà tí wọ́n bá ń lò ó. Oògùn ojú ara tó ní òróró nínú, irú àwọn kírímù kan tí wọ́n ń lò bí ibẹ̀ bá ń yún, náà ń ṣe é. Kí wọ́n lo èyí tó jẹ́ olómi, tàbí oní-sílíkọ́ọ̀nù.

Tẹ̀ lé e: ibo ló tọ́jú rẹ̀ sí? Inú wọ́lẹ́ẹ̀tì àpò ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń kó o sí, ó ń jókòó lé e láti àárọ̀ dalẹ́. Ooru àti títẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ ìwọ náà, kátọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ páànù níbi tí oòrùn ń bà á. Ìsàlẹ̀ pẹpẹ, ibi òkùnkùn tó tutù, tí kò ju 30 digirí lọ.

Kí ẹni tó ń rà á tẹ ọ̀rá rẹ̀: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kó máa sá síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìka. Bó bá ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó ti lu. Kó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́mbà NAFDAC. Ọwọ́ ni kó fi ya á ní ẹ̀gbẹ́ tó ní eyín, kì í ṣe eyín ẹnu, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. Orí rẹ̀ ni kó fi ìka méjì tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde kó tó yí i sí ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há níbẹ̀ ló máa ń fọ́ orí rẹ̀ bí àtọ̀ bá dé. Bó bá gbé e sódì, tí kò yí sísàlẹ̀, kó sọ ọ́ nù, kó mú òmíràn. Kì í ṣe pé kó dojú rẹ̀ kọ òdì kejì, torí omi ti kàn án. Rọ́bà méjì lórí ara wọn ń fa ara wọn ya. Nígbà tó bá parí, kó di ìdí rẹ̀ mú, kó sì yọ jáde kó tó rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ́ sẹ́yìn sínú.

Bó bá ṣì ń jiyàn pé ọjà ni, kó bu omi sínú èyí tó kù nínú páálí kan náà, kó di ẹnu rẹ̀, kó sì gbé e sókè lórí aṣọ inuwọ́ gbígbẹ. Bó bá ń kán, mú gbogbo kátọ́ọ̀nù náà kúrò lórí pẹpẹ, kọ nọ́mbà bátì tó wà lẹ́bàá ọjọ́ ìbàjẹ́ sílẹ̀, kó o sì fi tó NAFDAC létí. Kí ó tọ́jú ọ̀rá èyí tó ya náà, torí nọ́mbà bátì yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.